Ta Ló Di Ìtọ́kọ̀ Mú?

Ọkọ̀ tèmi kéré. Wayfarer ni irú rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò pé mítà 5. Ènìyàn mẹ́ta ló gbà dáadáa, ẹnì kẹrin á kàn máa jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀ ni. Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ta ìgbòkun rẹ̀ lójú omi Southampton, níhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá fún mi láyè. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí ọmọ Yorùbá mìíràn tó ń fi owó ara rẹ̀ ra òtútù. N kì í dá a lóhùn, nítorí òótọ́ ló sọ.

Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, èmi ni ọ̀gá, èmi náà ni ọmọ iṣẹ́. Bí ó bá dojú dé (ó sì ti dojú dé lẹ́ẹ̀mẹrin), mo mọ ẹni tí mo máa bú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, Òyìnbó tí a jọ ṣiṣẹ́ òru rí, wá ra ọkọ̀ ìgbòkun tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 42, tó ní kí n wá ṣe ọmọ ọkọ̀ òun láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ tán. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí èmi àti ìbéèrè kan ti ń jìjàkadì, àti pé ojú omi ni ìbéèrè náà ti bá mi.

Ní 1983, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 19, èmi jẹ́ 14. Ẹ̀pẹ́ ni a ń gbé, ẹ̀gbẹ́ èbúté, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń jí ènìyàn kí ládàánì tó pèrun. Ó bá àwọn ẹlẹ́rù ọjà wọ ọkọ̀ onígi kan kọjá ọ̀sà. Àwọn méje ni wọ́n wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò gaàrí àti igi ìdáná. Ìjì òjò ká wọn mọ́ àárín ọ̀sà. Mẹ́rin padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí lára wọn.

Ìyá mi jẹ́ onígbàgbọ́, bàbá mi jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà sì ń bọ Ifá láìfi bò. Ilé wa kì í gbọ́ ohùn kan náà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi dé, ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan. Àlùfáà ní kádàrá ni. Pásítọ̀ ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Bàbá onífá ní bó ṣe kúnlẹ̀ yàn án nìyẹn. Èmi, ọmọ ọdún 14, béèrè pé ta ló ní kí wọ́n gbéra nígbà tí ojú ọ̀run ti dúdú láti ìhà ìlà oòrùn, ta ló sì di ẹrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ kan. Àbúrò bàbá mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé a kì í bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Mo pa á mọ́. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo fẹ́ bá ṣẹjọ́.

Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi wà lójú odò Hamble. Àwa márùn-ún la pàdé níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì tó jẹ́ ẹni ọdún 74, àti èmi. Orúkọ ni gbogbo wọn ń pe olùkọ́ náà. Ẹnu mi kọ̀. "Sà" ni mo ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé èmi nìkan ni ó ń bu tíì fún kí ó tó bu tirẹ̀.

Kí a tó jẹun alẹ́, ọ̀rẹ́ mi lo odidi wákàtí kan láti sọ fún wa bí a ṣe lè kú. Ibi tí iná ti lè ṣẹ́ yọ, bí a ṣe ń ti gáàsì pa, ibi tí ọkọ̀ rọ́bà ìgbẹ̀mílà wà, ohun tí a máa sọ lórí rédíò, àti ẹni tí yóò máa nawọ́ sí ẹni tó bá já sómi, tí kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó rí. Ó fún oníkálukú ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró títí a fi dì í mọ́ra. Okùn kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi há ara ẹni mọ́ ọkọ̀. Ó béèrè pé, "Bí èmi fúnra mi bá já sómi ńkọ́? Ta ni ọ̀gá?" Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Mo rántí ilé wa. Bí ẹnìkan bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí à ń múra ìrìn àjò, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni gbogbo ilé máa fi dí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àdúrà dára. N kò mọ ìgbà tó di ohun tí à ń fi bo ojú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti jí ní agogo mẹ́fà, mo ti wọ bàtà, mo ti ń wá okùn tí mo máa tú. Ọ̀rẹ́ mi ń ka ìwé ìròyìn. Ó ní, "Agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Omi ò tíì fẹ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé omi yìí díẹ̀. Solent ni ọ̀nà omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti erékùṣù Wight. Nígbà tí òṣùpá bá kún, tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òkun á kún ju ti ọjọ́ mìíràn, á sì fà ju ti ọjọ́ mìíràn. Ó kù díẹ̀ kí òṣùpá kún lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ìwọ̀ oòrùn ni à ń lọ. Bí omi bá ń fà, ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn sí. Bí ó bá ń kún, ìlà oòrùn ni. Níbi tí ọ̀nà omi náà ti fún jù, lábẹ́ ilé odi Hurst tí Ọba Henry Kẹjọ kọ́, tí kò fẹ̀ tó máìlì 1, omi á máa sáré tó máìlì òkun 4 láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ wa kì í sáré ju 6 tàbí 7 lọ. Ẹni tó bá gbéra lásìkò omi, 6 rẹ̀ á di 10. Ẹni tó bá gbéra lásìkò ìkánjú ara rẹ̀, 6 rẹ̀ á di 2, á máa rí ilé odi kan náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìgbòkun rẹ̀ á sì kún fún atẹ́gùn bíi ti ẹni tó ń lọ.

A gbéra ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Atẹ́gùn ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ìyẹn ni pé àárín ojú wa gan-an ló ń fẹ́ sí. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kọjú sí atẹ́gùn tààrà kí ó lọ. Á dúró síbẹ̀, ìgbòkun á máa gbọ̀n bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi dígírì 45, kó lọ sápá òsì fún ìgbà díẹ̀, kó yí, kó tún lọ sápá ọ̀tún. Atẹ́gùn fẹ́ ti ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin pẹlẹbẹ tó wúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó wọ omi tó mítà 2, kọ̀ fún un. Nínú àìgbà fún ara wọn àwọn méjèèjì ni ọkọ̀ ti ń rí ọ̀nà síwájú. Mo ti ń ṣe èyí nínú Wayfarer mi láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń di ìtọ́kọ̀ mú níbẹ̀, ọgbọ́n ara mi ni mo máa ń rò pé ó ń gbé mi lọ. Nínú ọkọ̀ ńlá, iṣẹ́ mi kò ju okùn kan lọ. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí ibi tí à ń lọ. Bí wọ́n bá ní "tú u," mo tú u. Bí wọ́n bá ní "fà á," mo fà á. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí a ó fi yí tán.

Ìgbà kẹfà tàbí ìkeje tí a máa yí ni mo ba nǹkan jẹ́. Ẹnu Calshot la wà, nítòsí yanrìn Bramble. (Yanrìn yìí máa ń yọ síta fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí omi bá fà gan-an, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ méjì a sì máa lọ gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, kí omi tó padà wá gba pápá lọ́wọ́ wọn. Ojú mi kò rí i rí, mo kàn máa ń fi í sínú ọkàn nígbà tí mo bá fẹ́ rántí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lè ya wèrè.) Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ láti Southampton. Òfin èbúté ni pé ọkọ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ wà ní mítà 1,000 sí iwájú ọkọ̀ tó bá gùn ju mítà 150 lọ. A máa yí kúrò lọ́nà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kígbe, "Ṣé ẹ ti ṣetán?" Mo ní mo ti ṣetán. N kò tíì ṣetán. Okùn ti gun ara rẹ̀ lórí irin tí mo wé e mọ́, ó há, kò sì tú. Imú ọkọ̀ yí, ìgbòkun iwájú kò lè yí tẹ̀lé e, atẹ́gùn dé e láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ wa dúró gbagidi bí ẹran tó kọ̀ láti wọlé, ilé alájà mẹ́wàá onírin yẹn sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀rẹ́ mi tan ẹ́ńjìnnì. Ó wa wá kúrò níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì pariwo. Nígbà tí a tú okùn náà tán, tí ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti wo ọwọ́ rẹ kí n tó yí ọkọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo wé okùn náà. Èmi ni mo ní mo ti ṣetán. Ó mọ̀. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀, ó mú ẹ̀bi náà, ó gbé e sí èjìká ara rẹ̀ bí ẹni gbé àpò tirẹ̀. Láti 1983, mo ti gbọ́ àyànmọ́, mo ti gbọ́ ìpín, mo ti gbọ́ kádàrá, mo ti gbọ́ "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." N kò gbọ́ "ẹ̀bi mi ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní Portsmouth, tí kò jìnnà síbi tí à ń wí yìí, ọkọ̀ ogun Mary Rose rì ní 1545, bíi 500 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó yọ kò tó 40. Wọ́n fa ọkọ̀ náà yọ ní 1982, títí di òní ni wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀: ṣé atẹ́gùn òjijì ni, ṣé ihò ìbọn tí wọ́n gbàgbé láti tì ni, ṣé ẹrù ló pọ̀ jù? Ó ti tó ọ̀rìnlénírínwó ọdún tí wọ́n ti kú, wọ́n ṣì ń béèrè. Àwa béèrè fún ọ̀sán kan, wọ́n ní kí a dákẹ́.

Lẹ́yìn Hurst, atẹ́gùn àti omi kọjú ìjà sí ara wọn, ìgbì ga, ó sì sún mọ́ra. Mo bì lẹ́ẹ̀kan. A kọjá lára Needles, òkúta funfun tó tò létí òkun bí eyín arúgbó, pẹ̀lú ilé iná tó ti wà níbẹ̀ láti 1859, tí kò sì ní olùtọ́jú tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́ láti 1994. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa wákàtí wọ̀nyẹn. Mo há ara mi mọ́ ọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́, a ju ìdákọ̀ró sí ìyawọ́ omi Studland, lábẹ́ òkúta Old Harry. A kò jù ú síbi tí wọ́n bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n má jù ú sí, nítorí ewéko abẹ́ omi ibẹ̀ àti àwọn ẹja kéékèèké olórí ẹṣin tó ń gbé inú rẹ̀. Agogo méjì òru sí mẹ́rin ni wọ́n fún mi láti ṣọ́ ìdákọ̀ró. Iṣẹ́ náà rọrùn: mú iná kan létí omi, mú òmíràn lókè lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì máa wò ó bóyá wọ́n ṣì tò sórí ìlà kan. Bí wọ́n bá ya ara wọn, tí wọn ò padà, ọkọ̀ ti ń wọ́ nìyẹn.

Òṣùpá kún. Òkúta náà funfun bí aláàlà. Mo jókòó, ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 sì ń bọ̀ wá sọ́kàn mi, torí pé ìdákọ̀ró àti òru ló wà nínú rẹ̀. Ìjì ti ń gbá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù kiri. Áńgẹ́lì ti sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò ṣègbé, àfi ọkọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ti parí, àbí? Ṣùgbọ́n ní òru kẹrìnlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, àwọn atukọ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré sá lọ. Pọ́ọ̀lù kan náà, tó ti gba ìlérí, sọ fún àwọn ọmọ ogun pé, "Bí àwọn atukọ̀ bá lọ, kò sí ìgbàlà fún yín." Wọ́n gé okùn ọkọ̀ kékeré. Ènìyàn 276 ló gúnlẹ̀ ní Mẹ́lítà. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí áńgẹ́lì náà tó ogún. N kò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí àwọn atukọ̀. Ìlérí Ọlọ́run wà, ó sì nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun.

Bàbá onífá ilé wa náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire, ti sọ ìtàn Àjàlá alámọ̀ fún mi nígbà tí mo ṣì kéré. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. Méjì sáré lọ, wọ́n gbé èyí tó dùn-ún wò tí kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì rọ́ kúrò. Afùwàpẹ́ ni ẹnì kẹta. Ó béèrè kí ó tó lọ, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè, lẹ́yìn náà ló wá yàn. Mo rò ó lábẹ́ òṣùpá: nígbà tí Bàbá wí pé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yàn án nìyẹn, apá kan ìtàn náà ló fi tù wá nínú. Wọ́n béèrè nínú apá kejì. Wọ́n wo amọ̀ bóyá ó jiná. Yíyàn yẹn gan-an, iṣẹ́ ni.

Bàbá mi kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ òkú náà. Ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí à ń di ẹrù mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójijì, pé Ànábì ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó wí pé, "A kò so ó." Ó tún kọjú sí ẹrù. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé òun ló dá mi lóhùn.

Ní agogo márùn-ún ìdájí, a fa ìdákọ̀ró sókè, torí omi máa tó bẹ̀rẹ̀ sí kún. Nígbà tí a súnmọ́ Needles, ọ̀rẹ́ mi ní, "Wá di ìtọ́kọ̀ mú." Ó rí bíi sítíárì mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ga dé àyà mi. Atẹ́gùn wà lẹ́yìn wa báyìí, omi ń lọ síbi tí à ń lọ, ilẹ̀ ń sáré kọjá. Gbogbo ohun tó ń gbé wa lọ, kò sí èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀: kì í ṣe èmi ni mo ní kí òṣùpá kún, kì í ṣe èmi ni mo pe atẹ́gùn, kì í ṣe èmi ni mo ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbàgbé ọwọ́ mi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ Shingles wà lápá òsì wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti parí sí. N kò ní òmìnira tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Wayfarer mi, níbi tí mo ti ń rò pé èmi ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́kọ̀ náà kò jẹ́ kí n ráyè bẹ̀rù.

A dé Hamble kí agogo mọ́kànlá tó lù. A fọ ọkọ̀. "Sà" fún mi ní bisikíìtì tó kù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Ẹ̀pẹ́. Bàbá tó tu ọkọ̀ ní 1983 ṣì wà láàyè, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Mo ní, "Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Èmi àbúrò ọmọ tí ọ̀sà gbé lọ́dún náà ni." Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Mo rí òjò náà. Mo ti rí i láti èbúté. Àwọn ẹlẹ́rù ń kánjú, èmi náà ń kánjú." Lẹ́yìn èyí, ó ní, "Kádàrá ni, ọmọ mi." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." N kò sì purọ́ fún un.

Mo ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kó èrò kọjá ọ̀sà báyìí. Wọ́n dé lóṣù tó kọjá. Ó ń wọ ọ̀kan. Àwọn èrò ní ó ń gbóná, márùn-ún tó kù sì wà nínú yàrá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.